Àrọ́bá Inú Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Gbígba Ìtàn Ìdílé Sílẹ̀ Lásìkò Ọdún

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bá wálé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ ka iwájú baálé, tí wọ́n ní kí ó pìtàn ìdílé. Ohun ìyìn ni. Síbẹ̀, ìtàn ìdílé kì í ṣe àlọ́ tí a fi ń dá ọmọdé lára yá. Òun ni a fi ń jẹ́rìí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè bá délẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a yẹ ọ̀nà tí a ń gbà gbà á sílẹ̀ wò.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń bi léèrè. Inú oríkì ni ìtàn pọ̀ sí, ẹnu àwọn obìnrin ilé ni oríkì sì pọ̀ sí. Karin Barber fi èyí hàn nínú I Could Speak Until Tomorrow (1991), ìwé tí ó kọ lórí oríkì ní Òkukù. Lọ́jọ́ ọdún, ìdí ààrò ni àwọn obìnrin wọ̀nyí máa ń wà. Ẹni tí ó bá gba ohùn baálé nìkan ní pálọ̀ ti fi apá tó pọ̀ nínú ìtàn sílẹ̀ nídìí iná.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọdún. Bí ìyá àgbà bá ní, "Nígbà ogun Hítílà ni baba yín kọ́ ilé yìí," ẹlòmíràn yóò kọ 1940 sílẹ̀. Àṣìṣe ni. Láti 1939 di 1945 ni wọ́n fi ja ogun náà. Ìyá kò dárúkọ ọdún kan pàtó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni kí a kọ, kí a wá fi iye ọdún tí ó kárí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, ni àtúnṣe. Àwọn tí ń dà á kọ a máa sọ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì di Yorùbá àjùmọ̀lò. Wọn a yọ orin àti àsọtúnsọ kúrò. Lẹ́yìn náà, wọn a pa ohùn inú ẹ̀rọ rẹ́. Wọ́n ní kí ó lè rọrùn láti kà ni. Òótọ́ ni pé yóò rọrùn. Ṣùgbọ́n àsọtúnsọ ni àgbà fi ń tẹnu mọ́ ohun tí ó ká a lára, ẹ̀ka-èdè sì lè tọ́ka sí ibi tí ìdílé ti ṣí wá. Bí a bá yọ wọ́n, egungun ìtàn ni ó kù.

Ọ̀rọ̀ Samuel Johnson jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ó parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé ní Ìlú Ọba. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àwọn àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni Obadiah àbúrò rẹ̀ fi tún un kọ, tí ìwé náà fi jáde ní 1921. Èyí tí a ti tún ṣe sọnù. Àìtúnṣe ni ó gba ìtàn là.

Kí àdàkọ jẹ́ méjì, nígbà náà: ọ̀kan bí àgbà ṣe sọ ọ́, ọ̀kan tí a tún ṣe fún ọmọdé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sì gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún nínú ìdánwò, kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó bi í léèrè àti ohun tí a yọ kúrò, kí ó tó sọ pé ó dára tàbí kò dára.