Akin Euba: Píánò Tí Ó Fẹ́ Di Ìlù

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ Scenes from Traditional Life, ó lè béèrè pé orin wo nìyí. Kò sí ohùn tí a lè máa fi ẹnu hùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1970 ni Akin Euba kọ ọ́ fún píánò. Ó to ìró méjìlá orí píánò tẹ̀léra bí Schoenberg ti kọ́ àwọn ará Yúróòpù, ṣùgbọ́n lílu ni ó ní kí a máa lu píánò náà, bí ẹni mú kọ̀ǹgọ́ dání. African pianism ni ó pe ọ̀nà yìí.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1935. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon, Gánà, ní 1974, ó kọ́ni ní Ifẹ̀, Èkó àti Pittsburgh. Ó kú ní 2020.

Níbi tí mo ti bá a jiyàn rèé. Ẹ pe “ìwé”. Ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni ó ń gùn. Onílù á fún osán ìyáàlù, ìlù á sì gùn bẹ́ẹ̀. Píánò kò lósán! Ó lè rìn bí ìlù. Kò lè sọ̀rọ̀ bí ìlù. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ràn ohun tí ó ṣe nínú Chaka, opera tí ó gbé ka ewì Senghor, jù: níbẹ̀, ó jẹ́ kí ohun èlò tiwa àti ti òyìnbó jọ wà pa pọ̀, kí kálukú sọ tirẹ̀.

Lójú tèmi, ìwé rẹ̀ lórí dùndún, tí ó jáde ní 1990, ni iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò pẹ́ jù lọ. Olùkọ́ yunifásítì ni, síbẹ̀ ó ka onílù sí ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ìlù ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni dùndún, èdè tiwa ní Yàgbà kò sì rí bákan náà. Ta ni yóò jókòó ti àwọn àgbà onílù Ẹ̀júkù báyìí, nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le?