Ọwọ́ Tó Mọ Ewédú

Kóró ewédú le lára. Bí èèyàn bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni yóò sùn sínú ilẹ̀ láìhù. Màmá kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mọ bí wọ́n ṣe ń jí i. Wọ́n á di kóró náà sínú àkísà mímọ́, wọ́n á sọ omi tó ń hó kalẹ̀ lórí iná, wọ́n á ri àkísà náà bọ inú rẹ̀, wọ́n á sì máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Kí wọ́n tó ka ẹ̀wá tán, ó ti jáde, ó ti bọ́ sínú omi tútù. Bó bá pẹ́ jù, kóró á jinná. Bí kò bá pẹ́ tó, èèpo rẹ̀ kò ní rọ̀.

Wọ́n á sá a síbi ibòòji kó gbẹ, wọ́n á wá pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, torí kóró náà kéré débi pé ọwọ́ nìkan kò lè pín in dọ́gba. Bí wọ́n bá ń fọ́n ọn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn sí, díẹ̀díẹ̀, ọrùn-ọwọ́ nìkan ló ń mì. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ni wọ́n ti pò mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò.

Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà náà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló sáré gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Nígbà tó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ gbin gbogbo tiwọn. Ó tó jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi sú wọn, wọ́n tún padà sọ́jà. Mẹ́rin ni bẹ́ẹ̀dì Màmá, ọjọ́ tí wọ́n gbìn wọ́n kò sì dọ́gba. Bí wọ́n bá ń já ti àkọ́kọ́, ìkejì ń ga, ìkẹta ń yọ ewé, ìkẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kóró ni.

Ká sòótọ́, ewédú kì í ṣe òkèlè. Ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá ọgbà wọn kò lè bọ́ ilé fọ́dún kan, owó gàrí ṣì ń jáde. (Àwọn tó ń sọ lórí Facebook pé ẹ̀yìnkùlé ń sọni dolówó, n kò mọ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n rí.) Owó ọbẹ̀ ni kì í jáde mọ́, ìyẹn kò sì kéré.

Ibi tí mo máa ń dúró wò jù ni jíjá ewédú náà. Ibi tó bá ti fún jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ìyẹn lọbẹ̀ àkọ́kọ́. Èyí tó kù, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e, láàárọ̀ kùtù, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sókè ilẹ̀. Ẹ̀ka á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta wọ́n tún gé e. Àwọn igi kan wà tí wọn kì í fọwọ́ kàn, òwú pupa ni wọ́n so mọ́ wọn kí àwọn ọmọọmọ má bàa já wọn. Àwọn tí kò tètè yọ òdòdó ni wọ́n ń mú fún kóró, torí ewé irú wọn ló ń pẹ́ lára igi. Èso wọn á gbẹ lórí ìdúró, wọ́n á gbọn kóró rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú eérú.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, bẹ́ẹ̀dì méjì péré ni wọ́n ń gbìn. Ìyẹn ni omi kànga wọn lè bọ́, pẹ̀lú omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì.