Àdán Tí Kò Nírù: Lámèyítọ́ Bàálù Fóòmù Ẹlẹ́ńjìnnì Méjì

Ó ti pẹ́ tí àwọn akẹgbẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ ti ń sọ ọ́ pé bàálù fóòmù tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí kò kọjá ohun ìṣeré. Wọ́n ní ẹni tó bá yọ ìrù rẹ̀ kúrò, tó tún so ẹ́ńjìnnì méjì mọ́ ọn, agbára ló ń wá, kì í ṣe ẹwà. Àwọn yìí kan náà ni kì í rẹ̀ láti kọ̀wé lórí Gulma, bàálù aláìláwakọ̀ tí Ààrẹ Jonathan fi han aráyé ní Kàdúná ní 2013, àti lórí Tsaigumi, irú rẹ̀ mìíràn tí Ààrẹ Buhari fi hàn ní 2018. Ẹ ka ìwé wọn dópin: orúkọ àwọn èèkàn tó péjọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n apá bàálù fúnra rẹ̀ kò rí ìlà kan gbà. Lámèyítọ́ wo nìyẹn? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ́ńjìnnì méjì lára bàálù aláìnírù kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, ìwọ̀n sì ni ojúlówó ẹwà iṣẹ́ yìí. Kò yẹ kí èyí ṣòroó gbà ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, kò jìnnà dé agboolé Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n ti hú àwọn orí idẹ jáde ní 1938. Gbogbo wa la máa ń yin bí àwọn tó dà wọ́n ṣe mú kí ara idẹ náà fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró níwájú orí náà kò lè fojú rí fífẹ́lẹ́ yẹn. Bí a bá lè yin ohun tó pamọ́ sínú idẹ, kí ló dé tí a kò lè yin èyí tó pamọ́ sínú fóòmù?

N kò ní í pẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Wáyà tó ń pọ́n, irú èyí tó wà nínú sítóòfù oníná, ni wọ́n fi ń la fóòmù. Pákó pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n gé ní ìrísí apá, ọ̀kan ní ìdí, ọ̀kan ní ṣóńṣó, ni wáyà ń tọ̀. Ọ̀pá carbon ni eegun rẹ̀. Fóòmù tí wọ́n ń pè ní EPP máa ń tẹ̀, á sì padà sípò. Èyí funfun oníhóró tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ní tirẹ̀ máa ń kán, bẹ́ńtírò sì máa ń jẹ ẹ́ bí omi ṣe ń jẹ iyọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìrù. Ìrù bàálù jìnnà sí ojú ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ibi tí ìwọ̀n iwájú àti tẹ̀yìn ti dọ́gba, nítorí náà agbára díẹ̀ níbẹ̀ ti tó láti gbé imú sókè. Aláìnírù kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Elevon, etí ẹ̀yìn apá tó ń lọ sókè-sódò, ló ń dá ṣe iṣẹ́ méjèèjì: bí tọ̀tún àti tòsì bá jọ gbéra, imú á gbéra, bí ọ̀kan bá gbéra tí èkejì rọlẹ̀, bàálù á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lára apá tó fẹ̀ tó mítà kan, kí ojú ìwọ̀n fi sẹ̀ǹtímítà bíi mélòó kan sún sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ ti tó kí bàálù dojú dé kété tí ó bá kúrò lọ́wọ́. Ẹlẹ́ńjìnnì kan sì rèé, ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí, níbi tí a kò ti fẹ́ ohun wúwo. Wọ́n á wá ti bátìrì lọ sí imú, nígbà mìíràn wọ́n á tún lẹ òjé mọ́ ọn. Ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì méjì sí etí iwájú apá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ti fi ẹ́ńjìnnì ṣe òjé. Afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ wọn tún ń fẹ́ gba orí elevon, tó fi jẹ́ pé etí apá ń gbọ́ràn kí bàálù tó yára. Àárín wá ṣófo fún kámẹ́rà. Bí abẹ̀bẹ̀ kan bá ń yí sọ́tùn-ún tí èkejì ń yí sósì, agbára ìyí wọn á pa ara wọn rẹ́.

Àwọn akẹgbẹ́ mi á ní, bàálù eBee ń kọ́? Aláìnírù ni, fóòmù EPP ni, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni senseFly ti Switzerland fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ilẹ̀ fáwọn awọnlẹ̀ káàkiri ayé. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pàápàá ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ RECTAS, tó ti di AFRIGIST báyìí, ti ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ka ilẹ̀ láti òkè láti 1972. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú eBee: iwájú ni wọ́n kó ohun wúwo sí kí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn má baà borí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n dáhùn, ìdáhùn ló yàtọ̀. Àtakò kejì ni pé bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú, èyí tó kù á máa fa bàálù yí po. Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò ní èsì sí i ju pé gbogbo ọnà ló ní ibi tó ti ń jani.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni N-1M, bàálù aláìnírù tí John Northrop ṣe ní California, tí wọ́n kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ B-2, bàálù ogun aláìnírù, bí ẹni ń ka oríkì. Igi ni apá rẹ̀, irin oníhò ni wọ́n fi gbé àárín rẹ̀ ró. Ẹ́ńjìnnì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 65, wà nínú apá, abẹ̀bẹ̀ wọn kọjú sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1940, Vance Breese, awakọ̀ tó ń dán an wò, ń fi í sáré lórí Baker Dry Lake lásán ni, bàálù gba orí ibi gbágungbàgun, ó ta sókè, ó sì fò díẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Breese ròyìn pé kì í gòkè ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ẹni tó bá ń ronú bí àwọn akẹgbẹ́ mi á ní kí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Theodore von Kármán, onímọ̀ nípa fífò tí wọ́n fọ̀rọ̀ lọ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀. Etí ẹ̀yìn elevon ló ní kí wọ́n tún ṣe, bàálù sì gòkè. Òótọ́ ni pé wọ́n padà fi ẹ́ńjìnnì Franklin alágbára ẹṣin 117 rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, nítorí bàálù náà wúwo. Àwọn alátakò á gán ọ̀rọ̀ yìí mú. Kí wọ́n wo èyí tó ṣáájú: etí apá ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe, ìgbà tó ti ń fò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá agbára kún agbára.

Níbí ni mo ti ní láti tún ọ̀rọ̀ ara mi yẹ̀ wò. Mo bẹ̀rẹ̀ bíi pé ẹ́ńjìnnì méjì ni ọ̀gá iṣẹ́ náà, N-1M sì já mi nírọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ran ìwọ̀n lọ́wọ́ ni. Etí ẹ̀yìn apá ni ọwọ́ oníṣẹ́ ti ń hàn. Nínú fóòmù, ẹni tó mọṣẹ́ á ti gbé elevon méjèèjì sókè ní mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta kó tó ju bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwọ̀nba yẹn ló ń di imú mú. Àwọn àdán tó kún orí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ ọgbọ́n yìí: ìrù wọn kò tó nǹkan, awọ apá wọn ni wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n ń nà bí wọ́n bá fẹ́ yí. Kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, ni wọ́n fi ń bú àdán, òun náà ni àwọn akẹgbẹ́ mi fi ń bú bàálù yìí. Lójú tèmi, oríkì ni.

N-1M wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Virginia títí dòní. Bí àwọn tó ń ṣètò àfihàn ní Ẹnuwá bá gbà lọ́jọ́ kan láti gba ọ̀kan nínú àwọn bàálù fóòmù wa wọlé, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má ṣe fi okùn so ó kọ́ sókè àjà. Kí wọ́n gbé e sórí tábìlì, níbi tí ẹni tó bá wá wò ó á ti lè fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, kó sì mọ ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ wà.