Tẹ̀ Ẹ́, Dúró, Kí O Tó Sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Odò Ọ̀nà, ní Ìbàdàn, mò ń rán aṣọ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tí àwọn oníbàárà ń retí, nígbà tí òjò ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí kò sì dá mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, afárá Apẹ̀tẹ̀ ti wó, àwọn tó wà lódìkejì odò kò rọ́nà wọ ìgboro mọ́, ẹ̀mí tó bá omi náà lọ káàkiri ìlú sì lé ní 100. Gbogbo òru ni mo fi pe àbúrò mi obìnrin lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Kò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di wọ́kì-tọ́kì dúdú mọ́ etí ló bá mi wá a lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè orúkọ àbúrò mi lọ́wọ́ mi, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ náà, ó dákẹ́, ó tẹ́tí, ó wá yíjú sí mi pé, "Wọ́n wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lókè yẹn, mà. Ọmọ mẹ́ta ló wà pẹ̀lú wọn." Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ mẹ́ta náà ni àbúrò mi bí.

Aṣọ rírán ni mo fi ń jẹun títí dòní. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2012, bí òjò bá ti ń le, wọ́kì-tọ́kì tèmi náà á jáde nínú àpótí, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, nítorí mo wà lára àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣọ́ àwọn odò àdúgbò wa. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ní ẹ̀rọ alágbára lásán ni, pé ẹnikẹ́ni ló lè tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò lágbára. Wáàtì 5 péré ni agbára tí èyí tí mò ń lò fi ń sọ ohùn sáfẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ gílóòbù pupa àtijọ́ tí à ń fi sí yàrá ń jẹ wáàtì 60. Ohun tó fi ju fóònù lọ lọ́jọ́ wàhálà ni pé kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò nílò ọ̀pá ilé-iṣẹ́ fóònù kankan, kò nílò káàdì, kò nílò nọ́ńbà. Láti ọwọ́ mi sí ọwọ́ rẹ ni. Gbogbo ẹni tó bá wà lórí ìkànnì náà ló sì ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà a kì í pe èèyàn mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ pé omi ti kún. Àmọ́ ìwọ̀nba ni oore rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, etí tèmi ti di, ẹnu gbogbo àwọn yòókù sì ti pa.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bọ́tìnnì yẹn ni a kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn. Tẹ̀ ẹ́, dúró bí ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ nílò ìgbà díẹ̀ láti jí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ náà nílò tirẹ̀ láti lanu. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí àárín àsìkò náà ti sọnù. Ẹ wá wo bí èdè wa ṣe rí. "Ẹ má gba orí afárá." Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ń kánjú, tó tẹ bọ́tìnnì tó sì la ẹnu pọ̀, "ẹ má" ló máa sọnù. Ohun tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ máa gbọ́ ni "gba orí afárá." Iwájú gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà nínú Yorùbá, iwájú náà ni ẹ̀rọ sì máa ń jẹ. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi lẹ́yìn ọdún kan péré tí mo wọ iṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ tó ní kí a tún un sọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi "má" ṣe ìkìlọ̀ mọ́. "Afárá ti wó. Ẹ dúró. Mo tún un sọ: afárá ti wó, ẹ dúró." Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá sọnù, ìyókù kò lè pààyàn.

Àwọn tó ṣáájú wa náà ti jìyà irú èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ní pápákọ̀ òfurufú Croydon nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí ọ̀gá tó ń bójú tó rédíò, Frederick Mockford, wá ọ̀rọ̀ kan tí awakọ̀ òfurufú lè fi ké gbàjarè. SOS ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn lẹ́tà S kì í yanjú lórí ẹ̀rọ. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀ ló ń lọ sí Paris tàbí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ló bá mú "Mayday" jáde látinú èdè Faransé, tó túmọ̀ sí "ẹ ràn mí lọ́wọ́". Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé etí ló yan ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò wo bó ṣe rí lórí ìwé.

Etí tiwa náà ní ohun tó mọ̀. Ohun tí ariwo òjò kọ́kọ́ máa ń jẹ nínú ọ̀rọ̀ ni kọ́ńsónáǹtì. Ohùn ni kì í tètè kú: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. "Mẹ́ta" àti "mẹ́fà" lè dà bí ọ̀kan náà lórí páànù tí òjò ń lù, àfi pé ọ̀kan parí láàárín, èkejì parí nísàlẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sáré, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tó wà lórí àjà á di mẹ́fà. Méje á di méjì. Nítorí náà, nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í sọ iye kan ní ìhòòhò. A ń sọ pé "méjì, bí ìbejì"; "mẹ́ta, bí ààrò"; "méje, bí ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀". Mẹ́fà kò rí ẹlẹgbẹ́ tó bá a lára mu, a kàn ń sọ pé "mẹ́fà, ọ̀kan lé lórí márùn-ún". Àwọn ọmọdé tó wà láàárín wa rẹ́rìn-ín nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí a kò lo tòyìnbó, Alfa, Bravo, Charlie tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò láti 1956. À ń lò ó náà, fún nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà, èdè abínibí rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Onígángan ti mọ àrà yìí kí ẹ̀rọ tó dé. Awọ ìlù rẹ̀ kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan, kìkì ohùn ni, nítorí náà kì í dá ọ̀rọ̀ kan sọ. Á fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́yìn kí etí má baà ṣì í gbọ́.

Pípariwo kò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń pariwo sínú wọ́kì-tọ́kì ń fọ́ ohùn ara rẹ̀ ni. Gbé e jìnnà sẹ́nu ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, yí i díẹ̀ kí èémí má baà fẹ́ sí i, kí eriá dúró ṣánṣán, kí o sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ò ń bá ọmọ tó fẹ́ sùn sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi ọ̀rá wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan wé tèmi nítorí òjò, mo sì máa ń gbé bátìrì kejì sí àyà mi lábẹ́ aṣọ, níbi tó gbẹ jù lára mi.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tó rọrùn fún iṣẹ́ yìí. Ìgbì ẹ̀rọ wa ń lọ tààrà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, òkè sì pọ̀ láàárín ìlú. Ẹni tó wà lọ́gbun odò kò lè bá ẹni tó wà lẹ́yìn òkè kejì sọ̀rọ̀, bó ti wù kí bátìrì rẹ̀ kún tó. Àfi kí ẹnìkan wà lókè tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan tó sì ń fi lé ìkejì lọ́wọ́. Kò sí ibi tó dára ju Òkè Àárẹ̀ lọ, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower wà, èyí tí ará ìlú ń pè ní Layípo, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Láti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ti gbọ́ àwọn méjì tí wọn kò lè gbọ́ ara wọn rárá, mo sì jókòó sáàárín wọn bí ògbufọ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, ìgbésẹ̀ méjì ló ń yanjú rẹ̀. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ń bínú sí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé alájà kan. Mo fà á lápá síwájú díẹ̀, ohùn wọlé gbangba.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló fún wa ní wàhálà jù. A bí wa sínú "ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́." Ẹni tó wà nínú omi tó gbé ọmọ léjìká kò sì lè wọlé tí ìkíni náà kò bá tíì tán. Bàbá tó jẹ́ olórí wa ti lé ní 70 ọdún. Ta ni yóò la ẹnu pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìkí i? Òun fúnra rẹ̀ ló yanjú rẹ̀. Ó ní a kò ní máa pe èèyàn mọ́, ibi tí èèyàn wà ni a ó máa pè. Ẹni tó bá wà lórí òkè ni "Òkè". Àwọn tó wà lẹ́bàá omi ni "Odò Kan" àti "Odò Mẹ́ta". "Òkè, Òkè, Odò Kan nìyí, ófà," ìyẹn ni pé mo ti sọ tán, mò ń retí èsì. Orúkọ ẹni tí à ń pè ló ṣáájú, lẹ́ẹ̀mejì, kí etí rẹ̀ lè jí, tiwa á tẹ̀lé e. "Ẹ" nìkan ni a kò jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí kò gba àyè. Bí iṣẹ́ bá wá parí, tí a bá pàdé lábẹ́ igi, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, a ó sì kí Bàbá ní gbogbo ìkíni tí a ti jẹ ẹ́ láti àárọ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ ń dùn mí. Ní òru òjò kan, èmi ni mo wà ní Òkè. Ọmọkùnrin tó wà ní Odò Mẹ́ta ránṣẹ́ pé, "Màmá tó wà nílé oníbúlúù ti lọ." Mo gba ọ̀rọ̀ náà, mo sì fi jíṣẹ́ fún ibùdó tí àwọn ọmọ màmá náà dúró sí. Ṣùgbọ́n mo fi kún un. Mo ní, "Ó mà ṣe o. Màmá ti lọ." Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣubú lulẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti so okùn mọ́ra láti wọ omi lọ bá a tú okùn, wọ́n yí padà. Màmá kò kú. Ó ti kúrò nílé náà ni, ó ti gun òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ nínú òtútù títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń retí ẹni tí yóò wá gbé e.

Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà dára láàárín àna àti àna, ó dára nílé ọba. Lórí wọ́kì-tọ́kì, ó lè pààyàn. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ẹrú, fi tẹrú jẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bí kò bá sì yé ọ, béèrè: "Ṣé ó kú ni, tàbí ó kúrò níbẹ̀?" Ẹnu wa kì í gba ọ̀rọ̀ ikú báyẹn, à ń sọ pé ó papò dà, ó ti ṣíwájú, ó ti sùn. Nínú ẹgbẹ́ wa nísinsìnyí, mẹ́ta péré ló kù: ó wà láàyè, ó kú, ó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ kà á padà fún ẹni tó rán an kí ó tó kọjá.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó mọ̀ pé rírà tó ra ẹ̀rọ náà lọ́jà kò sọ ìgbì di tirẹ̀. Àjọ NCC, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ló ń fúnni láṣẹ irú ìgbì yìí, nítorí náà abẹ́ ẹgbẹ́ tó ti gbàṣẹ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Etí ló máa kọ́kọ́ lò. Èmi gan-an, oṣù méjì ni mo fi gbọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ́ ọ ńkọ́? Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wa lábẹ́ òjò, tó di ẹ̀rọ mọ́ etí tí kò sì wojú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí i. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó gbọ́ tán. Bí ẹ bá mọ ibi tí èèyàn há sí, ẹ sọ ọ́ fún un bí ẹ ṣe rí i gan-an: ibi tí wọ́n wà, iye wọn, bóyá wọ́n wà láàyè. A ó kí ara wa nígbà tí òjò bá dá.