Adìẹ Inú Microwave

Ọ̀pọ̀ ìyá wa kò ní ka adìẹ tí kò rí iná sí oúnjẹ. Síbẹ̀, mo gbóṣùbà fún ẹni tó mọ microwave lò. Ní 1945, Percy Spencer, ará Amẹ́ríkà, dúró ti ẹ̀rọ rédà, ṣokoléètì sì yọ́ sínú àpò rẹ̀; ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti wá.

Omi inú ẹran ni ẹ̀rọ yìí ń mì títí tí yóò fi gbóná, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í wọlé jìnnà. Ìdí nìyẹn tí alásè tó gbọ́n fi ń to itan adìẹ yí ẹ̀gbẹ́ àwo ká, apá tó nípọn síta, èyí tó tínrín sáàárín. Á fi ata rodo, àlùbọ́sà, kọrí àti táìmù pa á lára, á dé e kí oru má baà sá lọ, á sì yí i padà kó tó jinná tán. Bó bá gbé e jáde, kì í kánjú ṣí i, torí ooru ṣì ń wọ ìdí egungun lọ. Inú ẹran gbọ́dọ̀ gbóná tó 74°C.

Awọ rẹ̀ kò ní gbẹ káríkárí (ẹni tó fẹ́ dídín, kó wá epo lọ). Omi ẹran tó sun sílẹ̀ nínú àwo ni èmi ń wá, kí n dà á sórí ìrẹsì.