Etí Ni Ajá Inú Àlọ́ Wa Ní, Kò Ní Imú

Ìtàn ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá pàlọ́ fún ní kékeré. Orúkọ àwọn ajá náà ni Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Ìtàn náà kò ṣọ̀kan lẹ́nu gbogbo apàlọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a gbọ́ jù ni pé ọdẹ wà lórí igi, àwọn ọ̀tá ń gé igi náà lulẹ̀, ó sì ké pe àwọn ajá rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n gbọ́ ọ láti ilé, wọ́n já okùn, wọ́n sáré dé, wọ́n sì gbà á là. Mo fẹ́ yẹ àwọn ajá wọ̀nyí wò gẹ́gẹ́ bí a ti í yẹ ẹ̀dá inú ìtàn wò, kí n sì béèrè ọ̀rọ̀ kan: irú ajá ọdẹ wo ni èyí tí kò fi imú kan ilẹ̀ rí?

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń sáré, wọ́n ń jẹ. Etí, ẹsẹ̀ àti eyín ni apàlọ́ fún wọn. Kì í sì ṣe àlọ́ yìí nìkan. Òwe tí a mọ̀ jù nípa ajá ọdẹ ni pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Etí náà nìyẹn. Òmíràn ní ajá tí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Eyín náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó bá yìnbọn fún àgbọ̀nrín, tí ẹran náà sì gbé ọta wọ igbó dídí lọ, mọ̀ pé kì í ṣe eyín ajá ni òun nílò ní wákàtí náà. Imú ni.

N kò wí èyí láti bu apàlọ́ kù. Ó ní ìdí tí ó fi yan etí. Ẹnu ni a fi ń pàlọ́, etí ni a fi ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ọdẹ bá ń pe ajá rẹ̀ láti orí igi, orin ni ó fi ń pè wọ́n, àwa tí a jókòó yíká sì ń gbè é. Àwa gan-an ni a di ohùn tí ó la igbó kọjá lọ sí ilé. Bí ajá bá ń fi imú wá ọ̀gá rẹ̀, kí ni a ó gbè? Òórùn kò ní orin. Nítorí náà, ohun tí ó jọ àìmọ̀ jẹ́ ọgbọ́n iṣẹ́: apàlọ́ mú ohun tí ẹnu lè gbé, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Ọgbọ́n kejì wà nínú orúkọ. Xenophon ará Gíríìkì, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọdẹ ṣíṣe, gba ọdẹ nímọ̀ràn pé kí orúkọ ajá kúrú kí ó lè rọrùn láti pè, ó sì to orúkọ 47 sílẹ̀. Apàlọ́ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ gígùn ni ó fún àwọn ajá rẹ̀, iṣẹ́ wọn sì wà nínú rẹ̀: èkíní ń fa nǹkan ya, èkejì ń gbé e mì, ẹ̀kẹta ń gbá ilẹ̀, ó ń gbá ràwé. Ẹni tí ó pe irú ajá bẹ́ẹ̀ ti rán an níṣẹ́ tán. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́: kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn ajá wọ̀nyí. Orúkọ ti gba ipò ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá ní iṣẹ́ imú, kí á lè mọ ohun tí ìtàn wa pàdánù. Èdè Jámánì wà lára èdè tí mo ń kọ́, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ọ̀rọ̀ kan tí ó yà mí lẹ́nu. Schweiß, tí gbogbo ènìyàn ń pe òógùn, ẹ̀jẹ̀ ni lẹ́nu ọdẹ, bí ó bá ti jáde lára ẹran tí ó gbọgbẹ́. Ajá tí ń tọ ipasẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Schweißhund. Ti Hannover lókìkí láàárín wọn, àwọn ọdẹ sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ní 1894, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Verein Hirschmann. Ẹran tí wọ́n ń tọ̀ jọ àgbọ̀nrín wa, ṣùgbọ́n ìwo akọ rẹ̀ ní ẹ̀ka bí igi, ó sì ń já bọ́ lọ́dọọdún.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń wọ́ awọ tàbí ẹsẹ̀ ẹran lórí koríko, kí ọmọ ajá lè tọ̀ ọ́ dé òpin, kí ó sì rí èrè rẹ̀ níbẹ̀. Bí ó ti ń dàgbà ni ọ̀nà ń gùn sí i, tí ẹ̀jẹ̀ ń dínkù, tí ipasẹ̀ sì ń pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní bàtà kan tí wọ́n ń de pátákò ẹran mọ́ nísàlẹ̀. Olùkọ́ a wọ̀ ọ́, a rìn la igbó kọjá, a sì máa ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí òórùn pátákò wúlò fún ajá bí òórùn ẹ̀jẹ̀. Nínú ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń ṣe fún wọn, ipasẹ̀ náà kò gbọdọ̀ dín ní mítà 1000, ẹ̀jẹ̀ tí a ó ta sí i kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lítà lọ, a ó sì jẹ́ kí ó sùn nílẹ̀ mọ́jú, ó kéré tán fún wákàtí 20. Òjò lè rọ̀ sí i. Ẹran mìíràn lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ajá kò gbọdọ̀ yà tọ ẹran tí ara rẹ̀ le. Ẹyọ ẹran kan ṣoṣo, èyí tí ó gbọgbẹ́, ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀.

Kò sì sí eré sísá nínú rẹ̀. Okùn awọ gígùn ni wọ́n fi ń mú ajá. Ó ń lọ níwájú, imú rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, ọdẹ ń tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọdẹ a kọ́kọ́ lọ síbi tí ọta ti ba ẹran, a yẹ ewé wò. Ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ́n tí ó ń hó, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti wá. Èyí tí ó ṣókùnkùn, ti ẹ̀dọ̀ ni. Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ ewéko tí ẹran jẹ, ikùn ni ọta bà. Bí ó bá jẹ́ ikùn, wọ́n ní láti dúró fún wákàtí púpọ̀, nítorí ẹran tí a kò lé yóò dùbúlẹ̀ nítòsí, ṣùgbọ́n èyí tí a bá tètè lé yóò fi ìrora rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdẹ Jámánì, ní abala 22a, pa á láṣẹ pé kí a pa ẹran tí ó gbọgbẹ́ gidigidi láìfi falẹ̀, kí ìyà má baà jẹ ẹ́ lásán. Sùúrù àti ìkánjú wà nínú iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wá fi èyí wé Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé. Ewé tí ajá àlọ́ ń gbá dànù ni ajá Jámánì ń kà. Nínú àlọ́, ìjà parí, ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹ̀rí kankan mọ́. Lórí ipasẹ̀, ẹ̀rí ni gbogbo iṣẹ́. Ìyàtọ̀ kejì ju èyí lọ. Nínú àlọ́, ọdẹ ni ó mọ̀, ajá ni ó ń gbọ́ràn. Lórí ipasẹ̀, ajá ni ó mọ̀, ọdẹ ni ó di afọ́jú tí a ń fà lọ. Ó lè dá a lójú pé ọ̀tún ni ẹran gbà. Bí ajá bá fà sí òsì, àfi kí ó gba òsì. Ọ̀gá tí ó gbọ́dọ̀ gba ìránṣẹ́ rẹ̀ gbọ́, ìtàn ńlá ni, a kò sì tíì sọ ọ́ tó.

Ẹnìkan lè wí pé àlọ́ kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọdẹ. Òótọ́ ni, mo sì ti dá apàlọ́ láre. Àwa tí a ń fi kálàmù kọ̀tàn ni n kò dá láre. Láti 1938, tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà ti jáde, ni ọdẹ ti di ẹni ńlá nínú ìwé ìtàn wa. Ìwé kò ní elégbè. Òǹkàwé dá jókòó ni, ó sì lè fi sùúrù tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí orin kò lè gbé, kálàmù lè gbé e. Síbẹ̀, nínú ìtàn ọdẹ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ, ìbọn a dún, ẹran a ṣubú, ó parí. Ta ni ó ń kọ nípa ẹran tí kò ṣubú? Ta ni ó ń kọ nípa òru tí ọdẹ kò lè sùn, nítorí ó mọ̀ pé ohun kan ń jẹ̀rora nínú igbó nítorí òun? Ibẹ̀ ni ìwà ọdẹ ti ń hàn, kì í ṣe níbi ìró ìbọn.

Àwọn àgbà ní àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́. Òwe yìí ní tirẹ̀ rántí pé ó pẹ́ kí ajá tó di ajá. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí yóò kọ ìtàn ọdẹ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn èyí kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ó tọ ọdẹ kan lọ, kí ó má béèrè iye ẹran tí ó ti pa. Kí ó béèrè èyí tí ó gbọgbẹ́ tí ó sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti ohun tí ajá rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Kí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.