Agbẹ̀bí Tó Mọ̀rọ̀ọ́ Sọ

Ètò Abíyè, ètò ìlera aláboyún àti ọmọ tí ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2009, ló bí ilé ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ tó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ilé àti ẹ̀rọ dára, àmọ́ agbẹ̀bí tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni mo ń kan sáárá sí.

Kò jẹ́ sọ fún aláboyún pé, "Tí ẹ bá ń ṣẹ̀jẹ̀." Kíá ni ìyẹn á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" etí á sì di. Yóò kọ́kọ́ gbàdúrà àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní, wọ́n á ṣàmín, kó tó ní: "Ẹni tí orí bá ń fọ́ gan-an, tójú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tó rí ẹ̀jẹ̀, kó má dúró dilẹ̀ mọ́ o." Lẹ́yìn náà, yóò ní kí ìyá fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, torí ẹni tó ń mi orí lè máà gbọ́ nǹkan kan. Bí ìyá ọkọ bá tẹ̀lé ìyàwó wá, á kí i dáadáa. Ká sòótọ́, òun náà máa ń wà lára àwọn tó ń pinnu ìgbà tí wọ́n á gbéra nílé.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlera, ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹ̀bí máa kọ́ irú ọ̀rọ̀ sísọ yìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀.